Lẹ́tà Mẹ́jọ

Aago mọ́kànlá ti lù ní Ayétòrò,
jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá Onàfúwà ń wúkọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
ìwé ìsìnkú ìyá kan wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi.
Àwòrán rẹ̀ pé, gèlè rẹ̀ pé, eyín rẹ̀ pé,
orúkọ rẹ̀ nìkan ló ti di àpótí:

Ab□s□dé □□ínb□wálé.

Ìyá tó bá ọ̀sẹ̀ wáyé,
ọ̀sẹ̀ ti já bọ́ nínú orúkọ rẹ̀.
Ọ̀la òde yìí ni òkú.

Ẹ̀rọ tuntun la rà.
Mùkáílà ló kó àwọn fọ́ǹtì kúrò nínú ti àtijọ́,
ó sì tún wọn sọ lórúkọ, ó ní kó lè rọrùn:
Èyí-tó-dára, Èyí-tó-dára-jù,
Ti-ọ̀gá-má-fọwọ́-kàn-án,
ọ̀kan sì ń jẹ́ Sìfáwù.

Ọ̀gá fà àga onírọ́bà, ó jókòó, kò pariwo.
"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo lo wò kí o tó pe eléyìí ní Sìfáwù?"
Mùkáílà wolẹ̀. Ó ní, "Ilé wọn ní Òkè-Balógun, sà."

Ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í mọ ojú, orúkọ ló mọ̀.
Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, lẹ́tà mẹ́jọ péré ni wọ́n yọ̀ǹda,
bí ọjọ́ mẹ́jọ tí ọmọ fi ń retí orúkọ:
lẹ́tà kìíní, ilé tí wọ́n ti rọ ọ́;
méjì tó tẹ̀ lé e, ìdílé rẹ̀;
lẹ́yìn náà bó ṣe sanra sí,
bóyá ó nàró,
tàbí ó fì bí ọkọ̀ tí ẹja kún apá kan rẹ̀.
Kò sí àlàfo láàárín. Kò sí àmì ohùn.
Kò sì gbọdọ̀ sí àmì ìsàlẹ̀ kankan.

Mo dá a dúró níbẹ̀.
Mo ní, ọ̀gá, fáìlì tó gbé gbogbo àmì wa sínú,
òun náà ni kò gbọdọ̀ ní àmì lórúkọ?
Ó ní, "Aláàárù etí odò kì í jẹ́ orúkọ ẹja tó rù."

A ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
Orúkọ ara ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀, orúkọ inú yàrá ọ̀tọ̀.
Sìfáwù, nígbà tí a ṣí i, arúgbó ni, ó ki, ó dúdú,
kò tilẹ̀ ní ọ̀ kan ṣoṣo.
Méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú,
wọ́n ń du àga kan,
ẹ̀rọ sì ń mú èyí tó bá kọ́kọ́ rí.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nìyẹn.
Ẹni tó bá ní Ẹ̀pẹ́ lòun ń lọ, ẹ tún un bi."

Èyí-tó-dára la ń wá láti àárọ̀.
Mo yọ orúkọ ìyẹn kúrò lára rẹ̀,
mo fún un ní lẹ́tà mẹ́jọ rẹ̀ tó gbẹ táútáú,
mo pa ẹ̀rọ, mo tan ẹ̀rọ.

Abọ́sẹ̀dé Ọ̀ṣínbọ̀wálé.

Mùkáílà kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni ń pe èèyàn nínú ilé tó ṣókùnkùn.

Adébámbọ̀ ọmọ rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Ó fi ọwọ́ pa bébà náà, inki ṣì gbóná.
Ó ní ó dára. Ó ní ìyá òun ò mọ̀wé kà.
Ó ní lára àwọn bàsíà rẹ̀ lọ́jà ẹja,
akunlé kan ló kọ ABOSEDE pẹ̀lú ọ̀dà pupa,
kò sí àmì, S rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn.
S yẹn nìyá fi ń mọ tirẹ̀ láàrin ogójì.

Mùkáílà bèèrè bóyá fọ́ǹtì kan wà
tó ní irú S bẹ́ẹ̀.
Ọ̀gá ti sùn lọ lórí àga.